Òkè Ló Fi Ẹsẹ̀ Jíà Kẹ̀kẹ́ Múlẹ̀

Ara òkè ni ọ̀pọ̀ ọgbà àjàrà wà lẹ́bàá odò Rhône ní ilẹ̀ Faransé, nítorí òjò kì í dúró sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, oòrùn a sì máa ràn án dáadáa. Ohun tó wu àjàrà yìí ló ń dá ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ lóró. Òkè wọ̀nyí, kì í ṣe eré ìdíje, ló fi ẹsẹ̀ jíà múlẹ̀. Ní Saint-Étienne, lódìkejì òkè Pilat, Paul de Vivie, tí wọ́n ń pè ní Vélocio, dá ìwé ìròyìn kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní 1887. Orí òkè Grand Bois ló ti ń dán jíà wò.

Àwọn kan á ní ṣebí Tour de France ló gbé kẹ̀kẹ́ ga. Lóòótọ́, ìdíje àkọ́kọ́, ní 1903, gba orí òkè yẹn gan-an kọjá láti Lyon lọ sí Marseille. Ṣùgbọ́n lójú Henri Desgrange, olùdarí rẹ̀, agbára ẹsẹ̀ ló yẹ kí wọ́n fi díje, kò sì fàyè gba ẹ̀rọ tó ń pa jíà dà. Kí wá ni wọ́n ń ṣe? Nídìí òkè, eléré á bọ́ sílẹ̀, á tú nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, á yí i padà kí eyín tó wà lódìkejì lè gba ṣéènì, á tún un dè, kó tó máa lọ. Ẹni tó fàyè gba ìyẹn ti gbà pé jíà kan kò tó. Àṣejù ni òfin náà, ó sì pẹ́ kó tó kásẹ̀ nílẹ̀: 1937 ni, ọdún méje lẹ́yìn ikú Vélocio.