Kánífà Trínídádì

Ayẹyẹ ìgboro tí wọ́n ń ṣe ní Port of Spain, olú-ìlú Trínídádì àti Tòbágò, ní ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Ọjọ́rú Eléérú. Àwọn Faransé olóko ló gbé e dé erékùṣù náà ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ijó inú ilé ọlọ́lá ni nígbà náà. Nígbà tí oko ẹrú parí ní 1838, àwọn ọmọ Áfíríkà gbé e bọ́ sí títì pẹ̀lú ìlù, ògùṣọ̀ àti ìjà ọ̀pá. Wọ́n kọlu ọlọ́pàá ní 1881, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fi òfin dí ìlù lílù lọ́wọ́ ní 1884. Ni wọ́n bá mú ọparun, wọ́n ń gbá a mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, ó kan agolo, ó kan àgbá epo. Wọ́n á fi òòlù lu ìdí àgbá títí yóò fi jin bí àwo, wọ́n á wá ya ojú ohùn kọ̀ọ̀kan sí i. Bí steelpan ṣe wáyé nìyẹn.

Ìyẹ́ àti ìlẹ̀kẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló pọ̀ jù nínú fọ́tò arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n J'ouvert, tó ń bẹ̀rẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé tó mọ́, ló jinlẹ̀ jù. Ẹrẹ̀ àti ọ̀dà ni wọ́n ń kùn sára níbẹ̀. Ẹni tó wọ aṣọ àtàtà lọ fọwọ́ fà á ni. Ìdíje steelpan, Panorama, máa ń parí ní Queen's Park Savannah ṣáájú ọjọ́ méjèèjì. Ilé ìtura a máa wọ́n gan-an lásìkò yìí, nítorí náà kí àlejò tètè gba yàrá.