Ọmọ Tí Kò Mu Ọmú, Kí Ni Ká Pè É?

Nígbà tí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan gbé ìwé pélébé kan lé mi lọ́wọ́ pé kí n bá àwọn túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyálọ́mọ, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni mo pè é, nítorí èdè wo ni ì bá tún mọ ọ̀rọ̀ ọmú ju èdè abiyamọ ọlọ́jà gbọọrọ, tí kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí wéré? Ṣùgbọ́n lórí àkọlé ìwé náà gan-an ni mo ti fẹsẹ̀ kọ. Òyìnbó fi ọmọ tó ṣàdédé dẹ́kun ọmú mímu wé òṣìṣẹ́ tó daṣẹ́ sílẹ̀. Bí mo bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni yóò mọ ohun tí mò ń wí?

Àwọn ìyá a máa wí pé "ọmọ kọ ọmú." Ó kúrú, ó yé tọmọdé tàgbà. Àmọ́ "kọ̀" yìí kan náà ni a fi ń sọ pé obìnrin kọ ọkọ. Ọ̀rọ̀ tó ní ìpinnu nínú ni, abiyamọ tó bá sì gbọ́ ọ, bí jòjòló rẹ̀ ti ń yí ojú kúrò láyà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò rò pé ọmọ kọ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Ọmọ tí ọ̀fìnkìn dí nímú kò kọ ọmú: imú ló fi ń mí nígbà tí ọmú bá wà lẹ́nu rẹ̀, bí imú bá sì dí, kò sí ohun tí yóò ṣe ju kó jọ̀wọ́ ọmú kó lè mí. Ọmọ tí awọ abẹ́ ahọ́n rẹ̀ kúrú, èyí tí etí ń dùn, èyí tí ọmú ìyá rẹ̀ kún tó le koko tí ẹnu kékeré kò fi rí i gbá mú, gbogbo wọn ló fẹ́ mu. "Kò lè mu" ni mo kọ fún wọn. Èyí tí omi ọmú ń tú dà sí lọ́fun tó ń pá a lórí, tàbí tí òórùn ọṣẹ tuntun lára ìyá rú lójú, "kò tíì fẹ́ mu" ni mo kọ, nítorí ọjọ́ díẹ̀ ni irú èyí sábà máa ń gbà, "tíì" yẹn sì ń tu ìyá nínú.

Ní ti ọmọ tí ìgò ti mọ́ lára tí kò sì gba ọmú mọ́, àwọn kan ti pe ọ̀ràn rẹ̀ ní "ìdàrúdàpọ̀ orí ọmú," bí ẹni pé ìlú ló dàrú. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Rọ́bà orí ìgò kì í gba agbára púpọ̀ kó tó sun omi; ọmú ń fẹ́ kí ẹnu là gbàgà. "Rọ́bà ti mọ́ ọn lẹ́nu," ó tán. Ọmọ ọlọ́mú tó ń sá fún ìgò, rọ́bà kò tíì mọ́ ọn lẹ́nu ni, ó sì lè gbà á lọ́wọ́ ìyá àgbà nígbà tí òórùn ìyá rẹ̀ kò bá sí nítòsí.

Ibì kan wà tí èdè wa ti ṣáájú: "Ẹ má ṣe rọ ọmọ." Gbogbo ẹni tí a ti fi ọwọ́ bo nímú rí, tí a da ẹ̀kọ sí lẹ́nu lórí orúnkún, mọ "rọ." Mo fi kún un pé kí wọ́n fún omi ọmú sínú ife, kí wọ́n fi ṣíbí bu ú fún ọmọ, kí wọ́n sì tún fi ọmú lọ̀ ọ́ bó bá ń tòògbé. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá gbóná tàbí tí kò tọ̀ dáadáa, ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà gan-an. Lẹ́yìn náà ni mo padà sí àkọlé, mo sì kọ ọ́ pé: "Bí Ọmọ Kò Bá Tíì Mu."