Eyín Erin Ọ̀wọ̀ àti Igbó Odò Ọ̀sẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, "Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin." Lónìí, ara iṣẹ́ ọnà ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ọ̀wọ̀ ti ń rí erin. Ẹ jẹ́ ká yẹ ìtàn wò, ká lè mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dé ibẹ̀.

Láàárín ọdún 1969 sí 1971, Ekpo Eyo wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà, ní ìlú Ọ̀wọ̀. Àwọn ère amọ̀ tí ó hú jáde ti wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹkùn tí ń jẹ ẹsẹ̀ ènìyàn. Àwọn agbẹ́nà eyín erin ní Ọ̀wọ̀ náà lókìkí dé ààfin Ìbìní, iṣẹ́ wọn sì wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Ká má tan ara wa jẹ: ọdẹ ló máa ń pa erin kí eyín rẹ̀ tó dé ọwọ́ agbẹ́nà. Kì í ṣe àánú ènìyàn ló dá ẹranko sí láyé ìgbà náà, bí kò ṣe pé igbó fẹ̀, ó sì ṣe é sá sí.

Nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n pa ààlà sí igbó kan, wọ́n sọ ọ́ di igbó ìjọba. Irú rẹ̀ wà ní Ọ̀wọ̀ àti ní Ìfọ́n, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrókò, òganwó àti arère ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ pa ààlà, kì í ṣe ẹtu tàbí ìnàkí. Lẹ́yìn náà, ìjọba gba àgbẹ̀ láyè nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ láti gbin iṣu àti àgbàdo sáàárín ọ̀gbìn igi teak àti gmelina. Igi padà hù lóòótọ́, àmọ́ igbó kò padà: èso wo ni ọ̀bọ fẹ́ já jẹ lórí teak? Oko kòkó náà sì ń gbòòrò sí i. Igbó Ìfọ́n padà di ibi ìdáàbòbò ẹranko, tí a mọ̀ sí Osse River Park.

Ìyípadà ojú ọjọ́ wá dá kún un. Ibi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn ni Ọ̀sẹ̀ wà. Igbó dídí máa ń tutù, iná kì í ráàyè níbẹ̀. Èyí tí a ti gé láàárín máa ń gbẹ, iná ọyẹ́ a sì wọlé. Bí ooru bá le, ẹranko ní láti ṣí lọ. Odò Ọ̀sẹ̀ ìbá jẹ́ ọ̀nà wọn: ó ṣàn lọ sí gúúsù títí dé etí Okomu ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ó di ọgbà ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní 1999, níbi tí erin díẹ̀ ṣì kù sí. Ṣùgbọ́n oko àti títì ti wà láàárín. Ojú ọjọ́ ń ṣí kúrò, ààlà orí ìwé kò sì ṣí.

Nítorí náà, ṣíṣọ́ inú ààlà nìkan kò tó. Ó yẹ kí a dá igi etí odò sí ní ọ̀tún àti òsì, kí a sì fi igi ńlá sílẹ̀ láàárín kòkó. Àgbẹ̀ tí ó ti ń roko níbẹ̀ náà ní ọmọ láti bọ́. Láìbá a dá májẹ̀mú, òfin kò lè múlẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá mú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Ọ̀wọ̀, ẹ bi wọ́n pé: ẹranko inú ère yìí, níbo ló ń gbé báyìí?