Kọ́bọ̀ Oníhò Nínú Ilé Ike

Bí ènìyàn bá ní kọ́bọ̀ àtijọ́ kan tí àwọn oníṣòwò ti dé mọ́ inú ike, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó fọ́ ike náà kí ó sì mú owó náà jáde, tàbí kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti bá a? Ọ̀rọ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ eré lójú ẹlòmíràn. Owó tí kò lè ra ohunkóhun mọ́ ní ọjà Tẹ́júoṣó, kí ni a ń jiyàn lé àpótí rẹ̀ lórí sí? Ṣùgbọ́n láàárín àwa tí a ń ṣa ohun àtijọ́ jọ ní Yábàá àti Sùúrùlérè, ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ lójú mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo sì gbà pé ìtàn owó ní ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ni ó lè parí ìjà náà. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ìwọ̀nba tí mo mọ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa.

Ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ nìyí. Àwọn oníṣòwò kan wà ní òkè òkun tí wọn máa ń ra owó onírin àtijọ́ jọ ní òkìtì-òkìtì. Wọn a ṣà wọ́n, wọn a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àárín ike líle méjì tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ pinpin, wọn a fi páálí aláwọ̀ mèremère yí i ká, wọn a sì tún un tà fún àwọn tí ń wá ẹ̀bùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí a jọ ń gbé àdúgbò ní Sùúrùlérè gba irú rẹ̀ kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kọ́bọ̀ ọdún 1936 ni. Wọ́n ya kìnnìún sí ara páálí náà, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó Áfíríkà àtijọ́ ni. Wọn kò dárúkọ Nàìjíríà, wọn kò sì sọ ọba tí ó wà lórí oyè nígbà tí wọ́n rọ ọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà fẹ́ fọ́ ike náà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní bí ó bá fọ́ ọ, iye rẹ̀ yóò wálẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò gbà pé ojúlówó ni mọ́. Wọ́n bá gbé ẹjọ́ náà tọ̀ mí wá.

Kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí a ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1907 ni irú owó oníhò yìí jáde fún Nàìjíríà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Ọ̀nínì, tí mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ kọ́bọ̀ kan, alumíníọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi rọ ọ́. Ní 1908 wọ́n pa èyíinì tì, wọ́n fi bàbà tí a pò mọ́ níkẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Ní 1912 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí yóò máa bójú tó owó ilẹ̀ mẹ́rin: Nàìjíríà, Gold Coast tí a ń pè ní Gánà lónìí, Sàró àti Gáńbíà. Nínú owó ìgbìmọ̀ yìí, ọ̀nínì, eépìnnì àti kọ́bọ̀ ni ó ní ihò láàárín. Tọ́rọ́, sísì àti ṣílè kò ní. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni ó yí ihò náà ká ní ojú kan. Adé àti orúkọ ọba ni ó wà ní ojú kejì. Nítorí ihò náà, kò sí àyè fún àwòrán orí ọba.

Èyí ni ó mú kí ìtàn kọ́bọ̀ ọdún 1936 yàtọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni Edward Kẹjọ jọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, George Karùn-ún. Kí ọdún tó yí po, ní oṣù Kejìlá, ó fi adé sílẹ̀ nítorí obìnrin ará Amẹ́ríkà tí ó fẹ́ gbé níyàwó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò tíì kó owó tí ó ní àwòrán orí rẹ̀ jáde fún àwọn ará ìlú kí ó tó lọ. Ṣùgbọ́n tiwa kò nílò àwòrán orí ẹnikẹ́ni. Orúkọ nìkan ni. Wọ́n kọ orúkọ Edward sí i, wọ́n sì kó o ránṣẹ́ sí wa. Báyìí ni ó ṣe jẹ́ pé owó ọba tí ará Lọ́ńdọ̀nù kò rí ná, ẹlẹ́kọ ní Èbúté-Mẹ́ta rí i ná. A gbé ti ọ̀dọ́mọkùnrin náà sí ojú oòrùn, a sì ka orúkọ Edward lára rẹ̀ láti ẹ̀yìn ike. Owó yìí kò ṣọ̀wọ́n o. Púpọ̀ rẹ̀ ni wọ́n rọ, kò sì wọ́n lọ́jà. Nítorí náà kì í ṣe èrè ni ó yẹ kí a máa jà sí.

Ìyá-ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin náà ṣì wà láyé. Ìsàlẹ̀ Èkó ni a bí màmá náà sí. Nígbà tí ìgbìmọ̀ LEDB wó ilé púpọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti ọdún 1955 lọ, tí wọ́n sì kọ́ ilé tuntun sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n kó kúrò, ìdílé màmá wà lára àwọn tí ó kó lọ. A gbé kọ́bọ̀ náà lé e lọ́wọ́. Ó yí i síwá sẹ́yìn, ó fi ìka wá ihò rẹ̀, ìka rẹ̀ kò kan nǹkan kan bí kò ṣe ike. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe máa wá ki okùn bọ̀ ọ́?"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Màmá, wọn ò ní kí á ki okùn bọ̀ ọ́. Wíwò ni wọ́n ní kí á máa wò ó."

Màmá ní, "Owó wíwò kẹ̀?"

Lẹ́yìn èyí ni ó wá sọ fún wa bí ìyá tirẹ̀ ṣe máa ń sín kọ́bọ̀ sí okùn kí wọ́n tó jáde lọ sọ́jà, kí ó má baà bọ́ sọnù. Láti ìgbà tí mo ti ń ka ìwé nípa owó yìí, n kò tíì gbọ́ àlàyé tí ó tó èyí nípa ohun tí ihò náà ń ṣe lọ́wọ́ àwọn tí ó ná an.

Ohun kejì tí ike kò lè sọ ni ìdí tí ojú owó náà fi fá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń yẹ owó àtijọ́ wò ní Amẹ́ríkà máa ń fún owó kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 1 títí dé 70. Èyí tí kò bá ọwọ́ ẹnikẹ́ni pàdé rí ni ó lè gba 70. Bí ó bá ti ń fá ni máàkì rẹ̀ ń wálẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni fífá túmọ̀ sí níhìn-ín? Ní ọdún 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, tí Michael Imoudu àti àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lára àwọn tí ó ṣáájú, ṣílè méjì àti sísì lójúmọ́ ni wọ́n béèrè fún lébìrà. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ ni èyí. Irú owó bẹ́ẹ̀ kọjá lọ́wọ́ lébìrà, ó bọ́ sọ́wọ́ olóńjẹ, ó bọ́ sọ́wọ́ onílé. Ohun tí oníṣòwò pè ní àbùkù, ẹ̀rí ni lọ́wọ́ òpìtàn.

Síbẹ̀, ẹ má ṣe rò pé mo ń sọ pé àpótí owó kò já mọ́ nǹkan. Kò sí ẹ̀yà tí ó mọ iyì ohun tí a fi ń di owó bí àwa. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Àpò ni ọ̀kẹ́ ń jẹ́. Àpò yìí ni ó di orúkọ fún 20,000. Nígbà tí owó Òyìnbó dé, àpò kan di £100. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan, àpò kan sì di ₦200. Títí di òní, àgbà oníṣòwò ní Mushin lè fi àpò dá iye lé ọjà, bẹ́ẹ̀ ni kò gbé àpò kankan dání. Kọ́bọ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀: 240 rẹ̀ ni ó wà nínú pọ́n-ùn kan láyé Òyìnbó, ní 1973 a mú orúkọ náà, a fi wọ owó tuntun tí 100 rẹ̀ jẹ́ náírà kan. Àpótí lè pẹ́ láyé ju ohun inú rẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá sì tọ́jú owó sínú kóló mọ̀ pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni a ń fọ́ kóló.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé: ṣé àpótí tí ń jẹ́rìí ni èyí, tàbí àpótí tí ń ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán? Ẹ jẹ́ kí a wo Amẹ́ríkà, níbi tí irú àríyànjiyàn yìí ti gbóná jù. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣìgá níbẹ̀ máa ń fi páálí kékeré tí ó ní àwòrán àwọn agbábọ́ọ̀lù béésìbọ́ọ̀lù sínú páálí sìgá wọn. Lónìí àwọn oníṣòwò ń ra páálí ìgbà náà, wọ́n ń dé e mọ́ inú ike tuntun, wọ́n sì ń tún un tà. Àwọn tí ń kó wọn jọ kò sì fẹnu kò lórí bóyá kí a fọ́ ike bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù nínú àwọn páálí náà ni ti Honus Wagner, tí ó jáde láàárín 1909 sí 1911. Ní 1991, ilé-iṣẹ́ PSA yẹ ọ̀kan wò, wọ́n dé e mọ́ inú ike, wọ́n sì fún un ní máàkì 8 nínú 10. Ní 2013, ẹni tí ó ti tà á ṣáájú ìgbà náà jẹ́wọ́ ní kóòtù pé òun ti gé etí páálí náà kí ó lè dán. Ike náà ti jẹ́rìí sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tó. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́: ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ewu mìíràn tún wà tí ó kàn wá ní Èkó ju àwọn ará ibi tútù lọ. Ike kì í ṣe ọ̀kan náà. Irú rírọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní PVC. Bí ooru àti ọ̀rinrin bá mú un pẹ́, ó ń tú kẹ́míkà jáde tí ń jẹ bàbà, tí ń sì fi ohun ewéko tí ó ń yọ̀ bo ojú owó. Ẹni tí ó bá rí èyí kò ní ẹjọ́ kankan láti dá mọ́. Kí ó mú owó rẹ̀ jáde ni.

Ìdájọ́ mi nìyí. Bí ike bá ń ba owó jẹ́, ẹ tú u sílẹ̀ lónìí. Bí ó bá le, tí ó mọ́, tí ó sì ní nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tí ó yẹ owó náà wò, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹ̀rí náà tilẹ̀ kù díẹ̀ káàtó, ẹ̀rí ni, a kò sì lè lẹ̀ ẹ́ padà bí a bá ti fọ́ ọ. Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀ṣọ́ lásán, tí kò sọ ibi tí owó ti wá, tàbí tí ó ń fi orúkọ kan ṣoṣo bo ìlú mẹ́rin mọ́lẹ̀, ẹ lè fọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ sì tọ́jú páálí rẹ̀, nítorí òun náà yóò di ìtàn bí a ṣe ń ta ohun ìní wa ní ayé tiwa. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe fi eérú, yanrìn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ fọ owó náà. Ẹni tí ó fọ̀ ọ́ kí ó lè dán ti ṣe ohun tí ẹni tí ó gé etí páálí Wagner ṣe.

Ní ti kọ́bọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, mo ní kí wọ́n fọ́ ike náà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bi mí bí a ó ṣe mọ̀ pé ojúlówó ni. Mo ní páálí oníkìnnìún kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Ní báyìí a lè wọ̀n ọ́n, a lè yẹ etí rẹ̀ wò, èyí tí a kò lè ṣe nígbà tí ó wà nínú ike. Inú àpò ìwé tí ó ṣeé ṣí ni ó wà nísinsìnyí, pẹ̀lú páálí rẹ̀ àti ìwé kan tí a kọ ọ̀rọ̀ màmá sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ẹgbẹ́ wa, kì í ṣe òkè òkun nìkan ni irú owó yìí wà. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí aṣọ ní Sùúrùlérè, ní Mushin àti ní Èbúté-Mẹ́ta, àwọn tí ó ná an sì ń dínkù lọ́dọọdún. Bí ẹ bá lọ sílé ní ìsinmi yìí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń fi kọ́bọ̀ kan rà, ẹ béèrè irú okùn tí wọ́n ń sín in sí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ àdúgbò, kí oníṣòwò mìíràn tó wá rà á lọ dé mọ́ inú ike.