Gòjé ní Bẹẹrẹ: Bí Àwọn Àgbà Ṣe Ń Yan Ohùn

Nígbà tí orin sákárà gbòde n'Íbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ ra gòjé, ohun èlò olókùn kan tí a ń fi ọrun fà, kì í béèrè iye tó jẹ́ títí yóò fi gbọ́ bí gòjé ọ̀hún ṣe ń kì í. Ẹni tó ń tà á yóò jókòó, yóò gbé igbá ti ikùn, yóò ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì yín?" Bí oníbàárà bá ní Àjàní ni, yóò fi ọrun fa Àjàní jáde lórí okùn kan ṣoṣo yẹn. Bó bá dún bí Àjàní lóòótọ́, tí ohùn náà lọ sílẹ̀ níbi tó yẹ, tó sì gòkè níparí, ọjà ti fẹ́ẹ̀ parí nìyẹn. Bó bá ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù, oníbàárà yóò dìde, yóò gbọn agbádá rẹ̀, ó di gbére.

Ilé onígòjé ni wọ́n bí mi sí, nísàlẹ̀ òkè Mápó, lápá Bẹẹrẹ. Bàbá mi kò kọ́ mi ní gòjé. Ó ní ìwé ni kí n lọ kà. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa ń gbé àpò tẹ̀lé e tó bá ń lọ wo ọjà, mo sì máa ń tẹ́tí.

Ọmọ Àyàn, ìyẹn ọmọ ìdílé onílù, kì í ra ìlù bí ẹni ra aṣọ. Inú ilé ló ti bá dùndún, bàbá rẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́. Gòjé kò ní ìdílé báyẹn nílẹ̀ wa, àlejò ni. Òkè Ọya ló ti wá. Àwọn Haúsá ní in, àwọn Zarma ní in lápá Nìjẹ̀, àwọn Dagomba ní àríwá Gánà náà ní in, onígòjé sì jẹ́ èèyàn pàtàkì láàfin ọba wọn. Ìlọrin, níbi tí Yorùbá, Fúlàní àti Haúsá ti jọ ń gbé, ló wà lẹ́nu ọ̀nà tó gbà wọ ilẹ̀ wa. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ di onígòjé n'Íbàdàn, àfi kó wá owó rà á, kó sì wá ọ̀gá tí yóò kọ́ ọ. Kò sí bàbá ńlá kankan tó gbé e pamọ́ sí àjà dè é. Ìdí nìyí tí ọgbọ́n yíyàn fi di iṣẹ́ ńlá.

Ohun èlò yìí kò lè kúrò lábẹ́ Òkè Ọya bọ̀rọ̀, torí pé láìsí ẹṣin, kò sí okùn. Ìbàdàn jẹ́ ibùdó ogun láti nǹkan bí ọdún 1829, àwọn balógun sì ń gun ẹṣin, ṣùgbọ́n ẹṣin kì í pẹ́ láyé nítòsí igbó. Eṣinṣin kan wà níbẹ̀ tó ń kó àrùn ràn wọ́n. Àríwá ni wọ́n ti ń kó òmíràn wá nígbà gbogbo. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, tó sì dé Kánò lọ́dún 1912, ọ̀nà wá là. Obì ń lọ sókè, màlúù ń bọ̀ sísàlẹ̀. Lọ́dún 1916 ni wọ́n dá Sábó sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò Haúsá, lápá Mọ́kọ́lá. Láti ìgbà náà, onígòjé Bẹẹrẹ kò ní láti rin ìrìn àjò lọ sí Ìlọrin mọ́ nítorí irù ẹṣin. Bàbá mi kì í rà á níbòmíràn àfi Sábó.

Irù akọ ẹṣin nìkan ló máa ń mú. Ó ní abo ẹṣin a máa tọ̀ sí irù ara rẹ̀, irù tí ìtọ̀ bá ti wọ̀ kì í le. Málàmù tó ń tà á mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń dán an wò. "Bàbá, akọ ni gbogbo wọn." Bàbá mi yóò yọ ẹyọ kan, yóò fi ìka méjì fà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, yóò sì dá ìdì náà padà láìsọ̀rọ̀. Kì í ṣe ẹyọ kan ni okùn gòjé. Ìdì irù ni wọ́n kó pọ̀. Bó bá pọ̀ jù, ohùn a di. Bó bá kéré jù, yóò já láàárín òde, ojú yóò sì ti olórin níwájú Àlàájì tó ń náwó fún un. Irù kan náà ni wọ́n ń so mọ́ ọrun, wọ́n á sì fi oje igi gbígbẹ pa á kó lè mú okùn. Ọrun tí kò rí oje kì í sọ̀rọ̀ rárá.

Igbá ńkọ́? Ọjà'ba ni, àtẹ àwọn ìyá onígbá kò jìnnà sílé wa. Igbá tó gbó tán lórí ìtàkùn ni kí èèyàn wá. Èyí tí wọ́n ká ní tútù yóò sunkì bó bá yá, yóò sì fa awọ wọ́. Bàbá mi a máa fi oríkèé ìka kàn án, yóò gbé e sétí, yóò gbé e sílẹ̀, yóò mú òmíràn, títí ìyá onígbá fi máa ní, "Bàbá onígòjé, ṣé èyí náà kò ní gba ẹ̀kọ ni?" Òun náà á ní, "Ẹ̀kọ kì í kọrin, ìyá."

Awọ tí wọ́n ń tẹ́ sójú igbá ni awọ awọ́nríwọ́n. Awọ ewúrẹ́ dára fún sákárà, ìyẹn ìlù olóbìrí amọ̀ tí olórin fúnra rẹ̀ ń lù, ṣùgbọ́n ó nípọn jù fún gòjé. Ti awọ́nríwọ́n fẹ́lẹ́, ó sì ń fà gan-an. Wọ́n á dá ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ohùn lè jáde, wọ́n á gbé igi kékeré lé e lórí kí okùn má baà fara kan awọ. Igi ọrùn ń gba inú igbá kọjá jáde lódìkejì. Ẹ mì í, bó bá mì, ẹ má rà á. Lórí ọ̀rọ̀ awọ ni bàbá mi ti yàtọ̀ sí gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n máa ń lọ ra gòjé, torí ìgbà náà ni ó ń dún jù. Òun, àárín òjò ló ń lọ. "Nínú ọyẹ́," ó ní, "kò sí gòjé tí kò dára." Èyí tó bá dún lóṣù Agẹmọ, nígbà tí gbogbo awọ ti rọ̀, yóò dún lọ́jọ́ gbogbo. Lójú tèmi, òun ló jàre.

Kì í ṣe àwa nìkan ló ń fara balẹ̀ yan ohun èlò olókùn. Àwọn ará Túrkì ní ohun èlò ọlọ́rùn gígùn kan tí wọ́n ń pè ní bağlama, tàbí saz, tí ọwọ́ ń ta. Ẹni tó fẹ́ ra èyí tó dára á wo ikùn rẹ̀: ṣé igi mulberry kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́, àbí pẹlẹbẹ igi ni wọ́n lẹ̀ pọ̀? Á wo ọrùn, bóyá kò wọ́. Wọ́n so okùn tín-ín-rín yí ọrùn náà ká ní ipò púpọ̀, ìyẹn sì ń sọ fún ìka ibi tí yóò dúró sí. Ìka onígòjé kò rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, etí nìkan ló ń darí rẹ̀. Èyí tó jọ gòjé lọ́hùn-ún ni kabak kemane, igbá tí wọ́n fi awọ bò, tí wọ́n ń fi irù ẹṣin fà. Àwa àti Túrkì kúkú mọ ara wa tipẹ́: lọ́dún 1894, nígbà tí wọ́n ṣí mọ́sáláṣí Mohammed Shitta l'Ékòó, Súlútáánì Abdul Hamid Kejì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Oyè ló wá o, bağlama kò bá a wá.

Ohun èlò tí a ń fi ọwọ́ ta ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù wa rí. Àwọn onísákárà àkọ́kọ́ lo mólò olókùn mẹ́ta kí gòjé tó lé e kúrò. Kò yà mí lẹ́nu. Ohùn mólò ń kú lẹ́yìn tí ìka bá ti tà á. Ti gòjé ń fà, ó ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ sókè bí ohùn ẹnu wa. Ẹ gbọ́ àwo Abibu Oluwa, onísákárà tó ti ń gba orin sílẹ̀ kí Ogun Àgbáyé Kejì tó bẹ́. Ẹ tún gbọ́ ti ọmọlẹ́yìn rẹ̀, Yusuf Olatunji, Baba l'Ẹ̀gbá, tó kú lọ́dún 1978. Ohun tí olórin bá sọ ni gòjé ń gbà lẹ́nu rẹ̀, nígbà mìíràn kó tilẹ̀ tó sọ ọ́ tán. Irú gòjé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí èèyàn kàn lọ gbé lórí àtẹ.

Gòjé tí mo ń rí lónìí, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà kùn, tí wọ́n ya ràkúnmí sí lára, ògiri pálọ̀ ló wà fún. Ẹni tó ń ṣe é mọ̀ pé ẹni tó ń rà á kò ní fà á. Fuji gba òde, kíbọ́ọ̀dù sì gba ààyè tó kù. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ayé ló ń lọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ ẹ̀yin olórin Ìbàdàn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní onílù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn: ẹ wá àyè fún onígòjé kan láàárín wọn, kẹ́ ẹ sì sanwó tó yẹ fún un. Bí àwọn tó ń ṣe é bá mọ̀ pé ẹnìkan ń fà á lóde, wọn yóò tún máa wá igbá tó gbó àti irù akọ ẹṣin.