Ẹ̀wù Mẹ́ta, Orúkọ Kan: Peter Šťastný àti Ìtàn Orílẹ̀-Èdè Tí Ó Fọ́

Ìfáárà

Bí òpìtàn bá fẹ́ mọ bí orílẹ̀-èdè kan ṣe dìde tàbí bí ó ṣe fọ́, ìwé òfin àti ìwé àdéhùn ni ó máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Èrò tiwa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹ̀wù tí eléré ìdárayá wọ̀ lè jẹ́ ẹ̀rí tí kò kéré sí ìwé òfin. Ẹni tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Peter Šťastný, ọmọ Slovak, tí ó gbá họ́kì orí omi dídì fún orílẹ̀-èdè mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín nǹkan bí ogún ọdún. Ìbéèrè tí ìgbésí ayé rẹ̀ gbé ka iwájú wa ni èyí: ta ni ó ni eléré? Ṣé ìjọba tí ó tọ́ ọ dàgbà nídìí eré ni, àbí àwọn ènìyàn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà, àbí òun fúnra rẹ̀?

Eré yìí ṣe àjèjì sí ọ̀pọ̀ nínú wa, nítorí náà ó yẹ kí a ṣàlàyé rẹ̀ ní ṣókí. Ènìyàn mẹ́fà ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà: aṣọ́lé kan, ará ẹ̀yìn méjì àti ará iwájú mẹ́ta. Bàtà tí ó ní irin mímú nísàlẹ̀ ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí omi dídì; ọ̀pá ni wọ́n sì fi ń gbá rọ́bà líle pẹlẹbẹ kan sínú àwọ̀n. Ẹni tí ó gbá góòlù wọlé gba máàkì kan. Ẹni kan tàbí ẹni méjì tí ó gbé e fún un náà gba máàkì kọ̀ọ̀kan. Àárín iwájú ni Šťastný ti ń gbá tirẹ̀.

Eré lábẹ́ ìjọba

Ní Czechoslovakia, họ́kì kì í ṣe eré lásán. Àwọn Kọ́múníìsì gba ìjọba ní ọdún 1948. Ní oṣù kẹta ọdún 1950, ọlọ́pàá kó àwọn eléré ikọ̀ orílẹ̀-èdè náà, àwọn tí wọ́n ti gba ipò kìíní ní àgbáyé ní 1947 àti 1949. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ń gbèrò láti sá lọ sí òkè òkun. Ẹ̀wọ̀n ọdún 15 ni wọ́n dá fún Bohumil Modrý tí ó jẹ́ aṣọ́lé.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, àwọn ọmọ ogun Soviet àti àwọn alájọṣe wọn ya wọ orílẹ̀-èdè náà láti fòpin sí àtúnṣe tí Alexander Dubček, tí òun náà jẹ́ ọmọ Slovak, ń ṣe. Ní oṣù kẹta ọdún 1969, ikọ̀ Czechoslovakia na ikọ̀ Soviet lẹ́ẹ̀mejì nínú ìdíje àgbáyé ní Stockholm, 2 sí 0 àti 4 sí 3. Àwọn ènìyàn tú sí ìgboro. Ní Prague, wọ́n ba ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Soviet jẹ́. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n yọ Dubček nípò. Šťastný, tí a bí ní Bratislava ní ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ọdún 1956, jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà náà.

Ẹgbẹ́ Slovan Bratislava ni ó ti di gbajúmọ̀. Ó wà nínú ikọ̀ tí ó gba ipò kìíní ní àgbáyé ní 1976 àti 1977. Ní 1979, Slovan di ẹgbẹ́ Slovak àkọ́kọ́ tí ó gba líìgì Czechoslovakia. Síbẹ̀, ìjọba ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun, ọ̀daràn sì ni ẹni tí ó bá lọ láìgba àṣẹ lójú òfin. Václav Nedomanský ti gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ lọ sí Kánádà ní 1974.

Innsbruck sí Quebec

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1980, Slovan lọ díje ní Innsbruck ní Austria. Ibẹ̀ ni Peter, ìyàwó rẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti gbó, àti Anton àbúrò rẹ̀ ti yọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù, tí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ Quebec Nordiques sì mú wọn lọ sí Kánádà. Marián ẹ̀gbọ́n wọn, tí ó ní aya àti ọmọ nílé, ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Ọdún 1981 ni ó tó dé bá wọn. Kí a má ṣe gbàgbé ohun tí irú ìpinnu bẹ́ẹ̀ ń ná ènìyàn. Ẹni tí ó bá lọ kò mọ ìgbà tí yóò tún fojú kan òbí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí ó lè sọ nígbà náà pé ìjọba ọ̀hún yóò wó.

Ní sáà àkọ́kọ́, Peter gbá góòlù 39, ó sì gbé 70 fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: máàkì 109 ní àpapọ̀. Ó gba ẹ̀bùn Calder tí wọ́n ń fún ẹni tuntun tí ó ta yọ jù. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1981, nínú eré kan ṣoṣo ní Washington, òun àti Anton gba máàkì mẹ́jọ mẹ́jọ. Láàárín 1980 sí 1989, Wayne Gretzky nìkan ni ó gba máàkì jù ú lọ ní líìgì náà.

Orúkọ lẹ́yìn ẹ̀wù

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní orúkọ ń ro ọmọ. Ìtumọ̀ Šťastný ni 'aláyọ̀' tàbí 'olóríire'. Ìró tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ ṣ tiwa; àmì tí àwa fi sí abẹ́ lẹ́tà ni àwọn fi sí orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ẹ̀wù ní Amẹ́ríkà Àríwá, STASTNY lásán ni wọ́n kọ. Bákan náà ni ó rí fún Jarome Iginla, ọmọ Kánádà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá láti Nàìjíríà, tí ó gbá góòlù 625 ní líìgì kan náà. Igi ńlá ni orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè rí igi kankan nínú ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀.

Àdánù kan wà tí ó tóbi ju ti àmì lọ. Ní òkè òkun, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe gbogbo ará Czechoslovakia ní Czech, èyí tí í ṣe orúkọ aládùúgbò tí ó pọ̀ ju Slovak lọ. Ẹni tí ó ń kọ́ni ní èdè tí kò lọ́pọ̀ èrò mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń dun ni.

Ẹ̀wù kejì àti ẹ̀kẹta

Ní 1976, Šťastný wọ ẹ̀wù Czechoslovakia nínú ìdíje Canada Cup, nínú èyí tí Kánádà ti borí wọn ní àṣekágbá. Ní 1984, lẹ́yìn tí ó di ọmọ ìlú Kánádà, ó wọ ẹ̀wù Kánádà nínú ìdíje kan náà, wọ́n sì gba ife. Àwọn kan lè pe èyí ní ọ̀dàlẹ̀. Àwa kò rí i bẹ́ẹ̀: ìjọba tí ó ka lílọ rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ ni ó sé ọ̀nà ilé mọ́ ọn.

Ìjọba náà wó ní ìparí 1989. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993, Slovakia di orílẹ̀-èdè olómìnira. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Nínú ìdíje Olympics ti ọdún 1994 ní Lillehammer, Šťastný, ẹni ọdún 37, ni ó gbé àsíá Slovakia wọlé. Ní ti ìdíje àgbáyé, ikọ̀ Czech ni ó jogún ipò Czechoslovakia. Ìpele kẹta ni Slovakia ti ní láti bẹ̀rẹ̀. Ní 1995, ó gbá ìdíje ìpele kejì ní Bratislava gan-an, wọ́n sì gòkè. Ní 2002, Slovakia na Rọ́ṣíà 4 sí 3, ó sì gba ipò kìíní ní àgbáyé.

Nígbà tí Šťastný fi eré sílẹ̀ ní 1995, ó ti gbá eré 977 ní líìgì náà, pẹ̀lú góòlù 450 àti máàkì 1,239. Láti 2004 sí 2014, ó ṣojú Slovakia ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Yúróòpù. Àwọn ọmọ rẹ̀, Yan àti Paul, tí wọ́n bí ní Quebec, gbá fún Amẹ́ríkà. Ilé kan, ẹ̀wù orílẹ̀-èdè mẹ́rin.

Àgbálọgbábọ̀

Ìwé àkọsílẹ̀ eré a máa to àwọn ẹ̀wù wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn bí ẹni pé ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì. Òpìtàn kò gbọdọ̀ kà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní 1976, Šťastný kò ní ẹ̀wù mìíràn tí òfin gbà á láyè láti wọ̀. Ní 1994, kò sí ọlọ́pàá tí ó ń ṣọ́ ọ, kò sì sí òfin tí ó fi dandan mú un. Ó ti lówó, ó ti lókìkí, ó sì ní ìlú mìíràn tí ó lè pè ní tirẹ̀. Síbẹ̀, ó wá gbé àsíá orílẹ̀-èdè tí kò tíì ju ọmọ ọdún kan lọ. Èyí ni a fi lè dáhùn ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ìjọba lè fi agbára mú kí eléré wọ ẹ̀wù rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ara rẹ̀ nìkan ni ó lè fi ara rẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀.