Trọ́ọ̀sì Alumíníọ́mù àti Ààbò Ìtàgé Ìta Gbangba ní Abidjan

Trọ́ọ̀sì ni orúkọ tí àwọn olùtò ìtàgé ń pe férémù gígùn tí a fi ọ̀pá alumíníọ́mù tò pọ̀ bí àkàbà alápá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tí a ń fi iná, sípíkà àti aṣọ kọ́ sókè orí àwọn òṣèré. Ní Abidjan, ìlú tó tóbi jù lọ ní Côte d'Ivoire, òun ni egungun ẹ̀yìn ìtàgé àwọn àjọ̀dún ńlá. Ohun tí a gbé kọ́ sókè orí ènìyàn, bí ó bá já, orí ènìyàn ni yóò bọ́ lé. Nítorí náà ni ìtàn trọ́ọ̀sì fi jẹ́ ìtàn ààbò pẹ̀lú.

Ìpìlẹ̀ṣẹ̀

Ọgbọ́n tó wà nínú trọ́ọ̀sì kì í ṣe tuntun. Káfíńtà tó ń kan òrùlé ti mọ̀ tipẹ́ pé igi mẹ́rin tí a kàn pọ̀ ní igun mẹ́rin a máa yẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi igi kan dábùú wọn láti igun dé igun, tí wọ́n di onígun mẹ́ta méjì, wọn kì í yẹ̀ mọ́. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń gbé iná àti sípíkà tiwọn láti ìlú dé ìlú, wọ́n nílò férémù tó fúyẹ́, tó ṣeé tò, tó sì ṣeé tú kíákíá. Alumíníọ́mù ni wọ́n yàn, nítorí pé ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n irin. Àbùkù rẹ̀ ni pé ibi tí iná ìjórin bá ti kàn án a máa pàdánù apá púpọ̀ nínú agbára rẹ̀. Ìdí nìyí tí a kò fi gbọ́dọ̀ gbé trọ́ọ̀sì tó ṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ ajórin lásán.

Ìtàgé Abidjan

Ọdún 1993 ni MASA, ọjà àwọn iṣẹ́ ọnà ìtàgé ilẹ̀ Áfíríkà, kọ́kọ́ wáyé ní Abidjan. Ní ọdún 1999 ni wọ́n ṣí Palais de la Culture ní Treichville, létí ọ̀sà Ébrié. Ní 2008, A'salfo, olórí ẹgbẹ́ olórin Magic System, dá FEMUA sílẹ̀ ní Anoumabo, ní àdúgbò Marcory tó bí i. Àwọn ọmọ Yorùbá, pàápàá àwọn ará Èjìgbò, ti ń gbé ní Treichville àti Koumassi láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n nílé àti lẹ́yìn odi.

Lọ́pọ̀ ọdún, oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún ni FEMUA máa ń bọ́ sí. Àkókò yìí gan-an ni ìjì òjò máa ń ṣáájú òjò ńlá tí ń rọ̀ títí dé oṣù keje. Òrùlé ìtàgé tí a fi aṣọ bò yí ká dà bí ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi: bí ìyára atẹ́gùn bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń ta á a di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ̀kọ́ ọdún 2011

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òrùlé ìtàgé wó lu èrò níbi àjọ̀dún ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn méje kú. Àwọn ẹnjiníà tó ṣe ìwádìí rí i pé atẹ́gùn tó wó o súnmọ́ kìlómítà 95 ní wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ òfin béèrè pé kí irú ilé bẹ́ẹ̀ lè dúró fún nǹkan bí 109. Kọnkéré tí wọ́n so okùn onírin ìtàgé mọ́ kàn jókòó sórí ilẹ̀ ni. Ìjì sì wọ́ ọ. Ìwádìí mìíràn fi hàn pé kò yé àwọn olùṣètò dájú ẹni tó ní àṣẹ láti dá eré dúró, bí ìkìlọ̀ ìjì tilẹ̀ ti dé. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ìjì pa ènìyàn márùn-ún ní àjọ̀dún Pukkelpop ní Bẹ́ljíọ̀mù.

Abidjan ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2009, ènìyàn 19 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní pápá ìṣeré Félix Houphouët-Boigny, níbi ìdíje bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Màláwì. Ní òwúrọ̀ ọdún tuntun 2013, nǹkan bí 60 ènìyàn kú ní Plateau, nígbà tí èrò ń darí bọ̀ láti ibi iná aláràbarà. Kì í ṣe trọ́ọ̀sì ló fa èyíkéyìí nínú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n kan ọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ìjì bá ń bọ̀, a ní láti kó èrò kúrò níwájú ìtàgé. Bí ẹnu ọ̀nà bá há, sísá fún ìtàgé tó fẹ́ wó lè pa ju ìtàgé náà lọ.

Ìlànà ìlò

Àwọn ìlànà tí a kọ sílẹ̀, bí ANSI E1.2 ti Amẹ́ríkà àti EN 17115 ti Yúróòpù tó jáde ní 2018, fẹnu kò lórí ọ̀pọ̀ nǹkan. Olùtò gbọ́dọ̀ tẹ̀lé ìwé ìwọ̀n ẹrù tí olùṣe trọ́ọ̀sì kọ. Ẹrù tí trọ́ọ̀sì lè gbé nígbà tí a pín in káàkiri gígùn rẹ̀ lè jẹ́ ìlọ́po méjì èyí tó lè gbé bí gbogbo rẹ̀ bá rọ̀ sí àárín. Oríkèé tí àwọn ọ̀pá ti pàdé ni a ń so ìgbànú ìgbẹ́rù mọ́, kì í ṣe àárín ọ̀pá. A ń yẹ gbogbo ìsopọ̀ wò kí a tó gbé e sókè, a sì ń fi wáyà ààbò kejì so iná àti sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pá tó bá tẹ̀ tàbí tó sán ni a ń yọ kúrò nínú iṣẹ́.

Fún ìtàgé ìta gbangba, ẹ̀rọ ìwọn atẹ́gùn gbọ́dọ̀ wà lókè òrùlé. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni a ń kọ ìyára tí a ó fi tú aṣọ ẹ̀gbẹ́, èyí tí a ó fi sọ òrùlé kalẹ̀, àti èyí tí a ó fi kó èrò kúrò. A tún ń kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tí yóò pa àṣẹ náà, tí olórin tàbí onígbọ̀wọ́ kò sì ní lè yí i padà.